Séèfù Bàbá Tíṣà

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ má jẹ́ kí n pariwo. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ohun tí gbogbo agboolé ti gbọ́ kúrò ní òfófó. Bàbá Tíṣà ló ń gbẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀ lóru!

Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣẹ̀yìn ọdún 2023. Ṣé ẹ rántí pé wọ́n ní ká kó náírà 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ lọ sí báńkì kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kìíní? Wọ́n tún sún un di ọjọ́ 10 oṣù kejì. A kó o lọ, tuntun ò sí. Owó ń bẹ ní báńkì, ará Òkè-Ọdẹ ń ra gààrí láwìn! Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta pé ká ṣì máa ná tàtijọ́, Bàbá Tíṣà ti búra pé àwọn ò ní kówó sí báńkì mọ́. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Bùhárí tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, òun kan náà ló pààrọ̀ owó lọ́dún 1984, tó ti ẹnubodè pa.

Ká má parọ́, rírì owó mọ́lẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ìyá ọkọ mi rì tiwọn sínú ìkòkò lẹ́yìn ààrò. Ìgbà tí a hú u, ikán ti ná an tán. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, wọ́n ti sùn.

Bàbá Tíṣà ra àpótí irin ní Ìlọrin, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n ní ẹ̀lùbọ́ ni. Ẹ̀lùbọ́ wo ló ń dún gbàn-ìn bó bá kan ilẹ̀? Wọn ò pe bíríkìlà, nítorí bíríkìlà lẹ́nu. Òòlù àti irin ṣóńṣó ni wọ́n fi fọ́ ilẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀ ju àpótí lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ yí ká. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n tẹ́ ọ̀rá nípọn lé e, torí ọ̀rinrin ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ìwé gbádùn. Wọ́n fi ọ̀rá wé ojú àpótí kí kọnkéré má baà wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Símẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ó máa ń tó ọjọ́ 28 kó tó gbó dáadáa, wọ́n sì ń bu omi sí i.

Ta ló sọ fún mi? Àkìtàn wa ni! Eérú dúdú la dà síbẹ̀ lálẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ti pupa fòò. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ bo ojú séèfù báyìí, kápẹ́ẹ̀tì tuntun, igun yàrá kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣí i. Etí Bàbá ti di díẹ̀, ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa pè é sókè bí ẹni ń kọ́ pírámárì kejì ní ìṣirò. Mẹ́rin ni nọ́ńbà náà, mo ti mọ mẹ́ta. Bó bá ti kan ìkẹrin ni ìyàwó wọn máa ń wúkọ́. Ẹ ò rí obìnrin burúkú!