Oríkì Tí Òǹkọ̀wé Kan Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ààbò

Láàárín àwọn owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, sínágọ́gù, ilé ẹ̀kọ́ àti irú wọn, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Nonprofit Security Grant Program, tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìṣúná ọdún 2005, tí àjọ FEMA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì sì ń pín gba ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fi í ra kámẹ́rà, iná ìta, géètì, ilẹ̀kùn tó le àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ síbi tí ìkọlù lè dé, iye tó pọ̀ jù tí ilé kan sì lè gbà lọ́dún 2024 jẹ́ $200,000. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àìlera, èyí tó jẹ́ àkọsílẹ̀ ibi tí ẹni ibi lè gbà wọlé, kí ó tó fi fọ́ọ̀mù ṣàlàyé bí owó náà yóò ṣe dí ibẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù yìí kò sì béèrè ju pé kí olùbéèrè fi ìka tọ́ka síbi tí ògiri tirẹ̀ ti lanu.

Ohun tó rọrùn yìí gan-an ni ẹni tó kọ àròkọ yìí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Òkè-Fìà nílùú Òṣogbo ló ń gbé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò kọ ìwé sí àjọ CAC tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà nígbà tí akọ̀wé ìjọ Yorùbá kékeré kan ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn kọ fọ́ọ̀mù náà, ó gbà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó ń gbé kò jìnnà sí Ilé Ìjọba, ìyẹn sì ti tó fún un láti rò pé òun mọ bí ìjọba ṣe ń ronú.

Ní abala àìlera, ohun tó kọ ni pé ìjọ náà dúró lórí àpáta, pé odi rẹ̀ kò ṣe é gùn, pé àdúrà òru kì í yẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ́, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, olè kankan kò dán an wò rí. Oríkì ni, kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín àwọn tí kì í jẹ́ kí àlejò ríran dé ìyẹ̀wù kò lè ṣàdédé máa ka ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé náà tán yóò béèrè kí ni irú ìjọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe. Ní abala ewu, níbi tó yẹ kí ó ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò ìjọ náà, ìkọlù sí ṣọ́ọ̀ṣì Saint Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 ló kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nínú jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òkun ńlá wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń bi í léèrè. Ní abala ohun èlò, ó béèrè igo fífọ́ tí wọn yóò tò sórí ògiri, ọlọ́dẹ kan tó ní fèrè, àti jẹnẹrétọ̀ ńlá kan, nítorí pé ní Òkè-Fìà, ẹni tó ra kámẹ́rà láìní jẹnẹrétọ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri ló rà. Akọ̀wé ìjọ fi sùúrù pè é lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ló wí, "ta ni yóò bá wa fọ́ igo náà?"

Ó ku nọ́ńbà UEI, èyí tí ìjọba fi ń dá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, tó jẹ́ àmì 12 tí lẹ́tà àti òǹkà dàpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é mọ irú èèyàn tó wà láyé, wọ́n sì yọ lẹ́tà O àti I kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n ní òdo àti oókan. Òǹkọ̀wé náà ń kà á lójú fóònù tó ti sán, ó rí òdo, ó pè é ní O. Ọmọkùnrin tó ń bá a tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà Ọláìyá ní, "Ẹ má bínú sà, òdo mà lèyí," ó sì fún un lésì pé òun ti ń kàwé kí wọ́n tó bí i. Wọ́n tẹ O.

Àṣìṣe tó gbówó lọ ni ti owó ìdápadà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó bá yege ni yóò kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan, tí yóò tọ́jú rìsíìtì, kí ìjọba tó dá owó náà padà fún un. Ohun tí wọ́n bá sì sáré rà kí ìwé ìfọwọ́sí tó dé, ara wọn ni wọ́n rà á fún. Apá àkọ́kọ́ àlàyé yìí nìkan ni òǹkọ̀wé náà kà. Ó ní kí ìjọ tètè ra kámẹ́rà mẹ́rin, kí rìsíìtì lè bá fọ́ọ̀mù rìn, wọ́n sì rà á. Owó ìkórè ni wọ́n fi rà á, ẹni tó bá sì mọ ohun tí owó ìkórè jẹ́ nínú ìjọ Yorùbá yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní.

Gbèdéke ìpínlẹ̀ tí ìjọ náà wà jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tó ti ń pe àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì ni òǹkọ̀wé náà ti mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà ni Òṣogbo fi ṣíwájú àwọn ìlú etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì ṣírò rẹ̀ sí aago mọ́kànlá alẹ́. Kò rántí pé ní oṣù Kẹta, àwọn ará ibẹ̀ a máa sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, tí Nàìjíríà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìyàtọ̀ náà á sì di wákàtí márùn-ún. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, tí ìpínlẹ̀ náà tilẹ̀kùn, ó wà nídìí àmàlà, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kánjú. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ló fi ìwé ránṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń múra fún ìgbà kejì, ó bi akọ̀wé léèrè ohun gbogbo, ó sì kọ gbólóhùn tí inú rẹ̀ dùn sí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó wọ yàrá àwọn ọmọdé kò ní kọ́kọ́rọ́, okùn ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ìṣó. Wọ́n kà á sétí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Ìjọ pè. "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lo sọ fún ìjọba pé okùn la fi ń ti ilé Olúwa?" Òǹkọ̀wé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sórí fóònù, ó ṣàlàyé pé àìlera gan-an ni wọ́n ń béèrè. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti fi owó àpò ara wọn mú káfíńtà wá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ní kọ́kọ́rọ́ méjì àti ọ̀pá irin kan, akọ̀wé ìjọ sì ń pe Òkè-Fìà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, kí wọ́n bá àwọn wá ibòmíràn tí ògiri ti lanu.