Iwin Tó Di Ilé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti Àbíjàn wá kí wa ní Másífà ló fi Warcraft III hàn mí, géèmù ọdún 2002. Àwọn iwin ibẹ̀ pín iṣẹ́: obìnrin kan ń ta ọfà, òmíràn ń gun ẹkùn bí ẹni gun ọ̀kadà. Wisp ni lébìrà wọn. Bó bá fẹ́ kọ́ irú àwọn ilé kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń di ilé náà, kò sì ní jáde mọ́.

“Ta ló wá ń gbébẹ̀?”

“Kò sẹ́nìkan, Bàbá.”

Ẹ̀rín pa mí. Ṣebí ilé alájà kan ń bẹ lẹ́yìnkùlé wa: onílé wà ní Àbíjàn, àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.