Adánìkansáré Ìlú Àbújá

Adánìkansáré ni ẹni tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn láìsí ìdíje, láìsí adájọ́, láìsí ẹni tó ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, tó wá ń kéde pé kò sẹ́ni tó yára tó òun lójú ọ̀nà yẹn rí. Ní Àbújá, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba tàbí kọ̀ńtírákítọ̀, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tó ń gbé Gwarinpa tàbí Katampe. Ó ti dán ìdíje gidi wò rí. Níbi eré Marathon ìlú Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kì í ṣe àwọn ará Kẹ́ńyà nìkan ló fi í sílẹ̀; ìyá àgbà kan tó wọ bàtà kánfáàsì kí i pé, “O kú ìrọ́jú, ọmọ mi,” ó sì kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ìdíje ló ń ba eré sísá jẹ́.

Àṣà náà kì í ṣe ti Àbújá látilẹ̀wá. Ní Amẹ́ríkà, Peter Bakwin àti Buzz Burrell wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tó lófin. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí sátẹ́láìtì wá, kó sì sọ bóyá àwọn kan ló ń gbé omi àti oúnjẹ pàdé òun tàbí òun fúnra òun ló pọ̀n ọ́n. Aago kì í sì í dúró. Nígbà tí Tara Dower sá ojú ọ̀nà Appalachian já ní 2024, èyí tó lé ní 3,500 kìlómítà, ọjọ́ 40, wákàtí 18 àti ìṣẹ́jú 6 ni wọ́n kọ fún un. Oorun wà nínú rẹ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ti aago tí kì í dúró yìí ni Adánìkansáré ò fara mọ́. Ní ìdájí Sunday, á na ọwọ́ sókè gbọnrangandan bí ẹni ń gba àdúrà ìṣẹ́gun, títí aago á fi rí sátẹ́láìtì, á wá ki eré mọ́lẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ iná tó ń darí ọkọ̀ ní Berger, á dá aago dúró. Bó bá ń ra piọ́wọ́tà, á dá a dúró. Bí ọ̀gá bá pè, bákan náà. Ní ẹ̀gbẹ́ Aso Rock, àwọn sójà ló ń dá òun gan-an dúró. Ìfura wọn ò kúkú burú: ní oṣù Kìíní ọdún 2018 ni ayé rí i pé àwòrán tí Strava, áàpù tí àwọn asáré fi ń ka eré wọn, fi ipa ẹsẹ̀ wọn yà ti tú àṣírí bárékè àwọn ológun lórílẹ̀-èdè mélòó kan.

“Ọ̀gá, kí lẹ ń lé?”

“Ọ̀gá sójà, àkókò ni.”

“Ta ló jí i?”

Gbogbo ìṣẹ́jú tí wọ́n fi wádìí ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ohun tó máa ń fi han àwọn ará ọ́fíìsì ní Monday.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí jù ni orí Strava yìí kan náà, níbi tí èèyàn ti lè gé ojú ọ̀nà kan jáde, kó sọ ọ́ lórúkọ, kí ẹni tó bá yára jù níbẹ̀ sì gba adé. Ó ti dé adé etí adágún Jabi rí, àmọ́ agùnbánirọ̀ kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Saturday kan láìtilẹ̀ mọ̀. Ló bá gé ọ̀nà tirẹ̀ sínú ẹ́státì, lẹ́yìn géètì tí máígadì kì í ṣí fún àlejò. Ó pè é ní Òkè Akọni. Gbogbo òkè tó wà níbẹ̀ kò ju bọ́ǹpù méjì lọ. Ìyàwó ilé kejì, tó máa ń lé bọ́ọ̀sì iléèwé ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, ti yára jù ú lọ níbẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í so aago.

Èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni Èkó sí Àbújá. Suleiman Hashimu fi ẹsẹ̀ rìn ín ní 2015, ọjọ́ 18, láti fi san ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ pé bí Buhari bá wọlé ìbò ààrẹ, òun á rìn ín. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn náà fi bọ́ sójú títì nítorí olóṣèlú tiwọn. Nígbà tí Guinness World Records wá fọwọ́ sí wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 tí Hilda Baci fi dáná ní 2023, oorun dá lójú Adánìkansáré. Ó kọ̀wé béèrè owó: Hilux ọlọ́pàá méjì, ańbúláǹsì kan, ayàwòrán, pólò tí a tẹ ojú rẹ̀ sí. Nígbà tó rántí ooru Lọ́kọ́jà àti àwọn ajínigbé, ó ní kí eré náà kúkú bẹ̀rẹ̀ láti Lọ́kọ́jà. Ó tún di Gwagwalada. Ní báyìí, Kubwa sí Berger ni, àmọ́ iye owó tó wà nínú ìwé náà kò yí padà.