Ìlànà Ìmúra fún Òmùgọ̀ Tó Ń Lọ sí Kútọnu Lóṣù Kẹjọ

Ẹ̀yin òmùgọ̀ wa ní Ìlaró, ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ àti Òwòdé, ẹ kú ìmúra. Àwọn ọmọ ti gba ọlidé, àwọn ará London ti ń fi fọ́tò sọ́mà dá yín lágara lórí WhatsApp, ẹ̀yin náà sì ti búra pé ọdún yìí kò ní lọ kí ẹ má tẹ ìlú òkèèrè. Owó bàálù kò sí, ṣùgbọ́n òkèèrè tiwa kò jìnnà: ọ̀kadà ń gbé èèyàn débẹ̀. Ọlọ́gbọ́n a lọ, a bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀. Tiyín gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ayò.

Ẹ kọ́kọ́ gbà tọkàntọkàn pé ojú ọjọ́ ń yí padà ní ẹnubodè. Ṣebí náírà ń di sẹ́fà níbẹ̀? Ṣebí aṣọ ọlọ́pàá ń yàtọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ń di Faransé? Kí ló wá fẹ́ mú kí òjò wà bó ṣe wà? Òótọ́ ni pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ̀wé lórí ìlà ẹnubodè yẹn ní Paris, lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, wọn kò pe òjò sí ìpàdé. Sọ́mà tiwọn ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà tán, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì là sí méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Òjò kan náà ló ṣì ń pa Ìlárá méjèèjì. Òmùgọ̀ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí irú èyí dí òun lọ́wọ́. Bí ojú ọ̀run Ìlaró bá ṣú dùdù, ẹ sọ pé, "Ti Nàìjíríà nìyẹn," kí ẹ gun ọ̀kadà.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ yà lọ́dọ̀ adájòdúró. Ẹ san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì béèrè ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Oògùn tó ń gba ìyàwó-ọ̀ṣìngín lọ́wọ́ òjò lágbo ìgbéyàwó ní Ìlaró lè má ní páálí tí yóò fi kọjá Ìdí-Ìrókò. Pàápàá, òjò tí bàbá yẹn lé kúrò lórí yín gbọ́dọ̀ ríbi gbà lọ. Bó bá gba ìwọ̀-oòrùn lọ ńkọ́? Ibẹ̀ kúkú lẹ̀yin náà ń lọ.

Kò sí àgbẹ̀ láti Ayétòrò dé Ọjà-Ọ̀dàn tí kò mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ dé oṣù Keje, pé ó máa ń sinmi díẹ̀ lóṣù Kẹjọ, kí òjò àrọ̀kúrò tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Inú ìsinmi yẹn ni wọ́n ti ń sá àgbàdo, tí wọ́n sì ń tún ilẹ̀ ṣe fún èyí tí wọn yóò gbìn lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ẹ má bi àgbẹ̀ kankan léèrè. Àjọ NiMet náà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n a sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n a sì sọ bí ìsinmi oṣù Kẹjọ yóò ti gùn tó. Ẹ má kà á. Fóònù yín wà níbẹ̀, ó ń ya kùrukùru sórí Kútọnu tàárọ̀ tọ̀sán.

Bí ọlọ́gbọ́n kan bá wá sọ fún yín pé òjò ń sinmi, ẹ tètè gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ mú díńgí ojú dúdú, ẹ mórí lé etí òkun. Ìdajì tí ẹ kò gbọ́ ni pé òjò ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sókè ni. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá fi pé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà lápá Sahel lọ́hùn-ún. Lásìkò kan náà, omi tútù ń rú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, òkun tó tutù kì í sì í pèsè òjò púpọ̀. Òjò rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn náà kò yọ. Ojú ọ̀run a rí bí eérú, wínníwínní a máa já lójijì, atẹ́gùn òkun a sì máa fẹ́ wọnú egungun. Ẹ ó bá ọlọ́kadà Kútọnu, zemidjan tí wọ́n ń wí, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀yin a sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ óò máa wa eyín pọ̀ bí ẹni ń jẹ àádùn.

Ọ̀rọ̀ agboòrùn ló gba ọgbọ́n jù. Ẹ gbé e bí ẹ bá ń ti Kútọnu kọjá lọ sí Lomé. Ẹ fi í sílé bí ẹ bá ń lọ sí Pàràkú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹ má yí i padà. Ní ìhà Lomé, igbó kìjikìji ti já, ọ̀dàn ló sọ̀ kalẹ̀ wá dé etí òkun; òjò ibẹ̀ kì í sábà tó mílímítà 1000 lọ́dún, nígbà tí Kútọnu ń rí bí 1300. Lóṣù Kẹjọ, agboòrùn yín yóò ṣiṣẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ níbẹ̀. Pàràkú ní tirẹ̀ wà lókè Bẹ̀nẹ̀, ìgbà òjò kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ní, oṣù Kẹjọ sì wà lára àwọn oṣù tó ń rọ̀ jù. Kò sí ìsinmi kankan lọ́dọ̀ tiwọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ bàtà kánfáàsì funfun.

Ní ti Lomé yìí, àǹfààní kan wà tí àwọn ọlọ́gbọ́n kì í lò. Aago Tógò fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn ti Bẹ̀nẹ̀. Bí òjò bá ṣú mọ́ yín ní ẹnubodè Hilla-Condji ní aago méjì, ẹ sáré kọjá: aago kan ni ẹ ó bá lọ́hùn-ún, òjò kò tíì ṣú. Bó bá pa yín síbẹ̀síbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ kò sáré tó.

Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà pé ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, bó bá ní ìwé tó péye lọ́wọ́. Ọlọ́gbọ́n a dì í sínú ọ̀rá méjì, òun àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ̀yin ní tiyín, inú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ni kí ẹ tì í bọ̀. Láti Ìmẹ̀kọ lọ sí Ìlárá, ilẹ̀ pupa ni. Ọ̀kadà a yọ̀, ẹ̀yin a fi ìdí lélẹ̀, ẹrẹ̀ a sì lu òǹtẹ̀ ìwé yín kí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tó mú tirẹ̀ jáde.

Ẹ má wo àwọn ará Sẹ̀lẹ́ o. Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ni Oshoffa ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1947, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí, àwọn ọmọ ìjọ sì ń gba ẹnubodè yìí wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìgbà Kérésì ni wọ́n ń wá, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, wọn kì í sì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ yín.

Bí àárín ìrìn-àjò bá sú yín, tí òjò ká yín mọ́ abẹ́ àtíbàbà kan ní Igolo, ẹ rántí ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro. Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè, oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé Ìdí-Ìrókò di ṣíṣí. Ìrẹsì kò rí àyè kọjá lójú pópó, bẹ́ẹ̀ òjò ń kọjá tọ̀sán tòru, kọ́sítọ́ọ̀mù kò mú un lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jáde síta, kí ẹ bi òjò náà ní ìwé rẹ̀.

Bó bá wá di pé ẹ pẹ́ títí tí àrọ̀kúrò fi wọlé, ẹ pe ilé, kí wọ́n bá yín ká aṣọ tí ẹ sá sórí okùn lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ.