Ìlànà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Ra Atíkè Ojú Olówó Pọ́ọ́kú

Obìnrin Ìlàjẹ kì í ra ẹja lójú dídì. Yóò ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá ara rẹ̀ ṣì le, yóò gbé e sún mọ́ imú kó tó dá iye kan. Obìnrin yìí kan náà ni yóò yà sí ìsọ̀ alátíkè nínú ọjà Igbókòdá, tí yóò rí páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n to àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ kòkó, àwọ̀ kọfí àti àwọ̀ iyanrìn sí, tí yóò kàn ní, "Ẹ bá mi dì í," tó parí. Ẹja tí yóò jẹ tán lálẹ́ ọjọ́ kan gba àyẹ̀wò mẹ́ta. Ohun tí yóò máa kùn sí bèbè ẹyinjú fún odidi ọdún kò gba ẹyọ kan.

Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, kò sì yẹ kó ṣòfò. Mo kọ ìlànà yìí kí ẹni tó ti gọ̀ díẹ̀ lè gọ̀ tán. Tẹ̀lé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Bí o bá sì rí ọlọ́gbọ́n tó ń ṣe òdìkejì rẹ̀, fi í rẹ́rìn-ín.

Ìgbésẹ̀ 1: Orúkọ ni kí o rà, má ra atíkè

Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Urban Decay ní Amẹ́ríkà gbé páálí kan jáde tó ń jẹ́ Naked, àwọ̀ 12 tí kò sí ìkankan nínú wọn tó ń pariwo. Gbogbo ayé gbà á bí ẹni gba ìpè. Ní 2018, wọ́n kéde pé Naked àkọ́kọ́ yẹn ti fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú rẹ̀ ní tiwọn kò gba ìwé ìfẹ̀yìntì kankan.

Nítorí náà, bí o bá rí Naked lórí àtẹ ní iye tí kò lè ra abọ́ ẹ̀bà àti ẹja méjì, má bi ara rẹ léèrè ibi tó gbà wá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní "Nakeed", gbà pé bí wọ́n ṣe ń pè é ní ìlú òyìnbó nìyẹn. Má sì bá àwọn ọlọ́gbọ́n kan jókòó, àwọn tó ń sọ pé ọjà olówó kékeré tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sàn ju ọjà tó jí orúkọ olórúkọ wọ̀. Irú wọn ni yóò máa sọ fún ọ pé owó kékeré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ta ló bi wọ́n?

Ìgbésẹ̀ 2: Iwájú páálí ni kí o máa wò, má yí i padà

Wọ́n ya òdòdó sí iwájú. Kí lo tún ń wá lẹ́yìn? Ẹ̀yìn ni wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò gbádùn mọ́ni sí: nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é sí, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti àwòrán ìkòkò kékeré kan tí ọmọrí rẹ̀ ṣí, tí wọ́n kọ 12M tàbí 24M sí inú rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ní iye oṣù tí o lè fi lò ó láti ọjọ́ tí o bá ṣí i ni. Ìwọ gbà pé iye mílíọ̀nù tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ní ní báńkì ni.

Àkójọ èròjà náà tún wà níbẹ̀, ó máa ń bu ayọ̀ ẹni kù. Yóò sọ fún ọ pé tálíkì àti máíkà ló pọ̀ jù nínú ohun tí o rà, àti pé irin dípẹtà, irú èyí tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, ló fún un ní pupa, ìyeyè àti dúdú tí wọ́n pò di àwọ̀ ilẹ̀. Èròjà yìí kò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí páálí àwọ̀ ilẹ̀ tó rọrùn láti rà fi lè dára ní tòótọ́; ó ṣòro púpọ̀ ju èyí lọ láti rí àwọ̀ àlùkò tàbí búlúù tó dára ní owó kékeré. Bí òmùgọ̀ bá mọ èyí, kò ní san owó gegele mọ́ nítorí àwọ̀ kòkó, kò sì ní sá fún olówó kékeré. Nítorí náà, má kà á.

Ti nọ́ńbà ìpele ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráàlú pé àyẹ̀wò fi hàn pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, èròjà inú ilẹ̀ tó léwu, wà nínú àwọn atíkè kan tí ilé ìtajà Claire's ń tà, atíkè ojú sì wà lára wọn. Inú ilẹ̀ ni tálíkì àti ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ti máa ń jọ gbé. Bí wọn kò bá yẹ tálíkì wò dáadáa, ekejì á bá a wọlé. Nọ́ńbà ìpele ni àjọ náà fi sọ irú èyí tí ẹni tó ti rà á kò gbọ́dọ̀ lò mọ́. Páálí tìrẹ tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní orúkọ, tí kò ní baba, kò sí àjọ tó lè kìlọ̀ rẹ̀ fún ọ láéláé. Ìfọ̀kànbalẹ̀ wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ìgbésẹ̀ 3: Inú àtẹ́lẹwọ́ ni kí o ti dán an wò

Na àtẹ́lẹwọ́ rẹ sí ìyá alátíkè. Yóò tọ́ ìka lá, yóò fi gún àárín atíkè, yóò fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ibì kan náà, yóò sì kígbe pé, "Àǹtí mi, ẹ wo bó ṣe ń yọ!" Òótọ́ ni, ó ń yọ. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni dúdú mọ́lẹ̀ ju ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ, ìka tútù máa ń kó atíkè ju búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ lọ, gílóòbù pupa inú ìsọ̀ sì máa ń sọ gbogbo àwọ̀ di oyin. Bí o bá ṣe èyí, kò sí atíkè tí kò ní yege, títí kan ẹfun.

Ọlọ́gbọ́n a máa ṣe wàhálà lásán. Yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ìta." Yóò gbé e dé ẹ̀gbẹ́ èbúté níbi tí oòrùn wà. Yóò nu ìka rẹ̀ gbẹ, yóò fà á lẹ́ẹ̀kan péré sí apá, níbi tí àwọ̀ ara rẹ̀ ti sún mọ́ ti ojú rẹ̀. Yóò fi ìka mìíràn tú u ká. Bí ó bá pòórá, kò rà á. Bí ó bá di ṣákiṣàki, kò rà á. Bí àwọ̀ iyanrìn bá di eérú lára rẹ̀, yóò mọ̀ pé aláwọ̀ funfun ni wọ́n rò mọ́ nígbà tí wọ́n ń po ó. Ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n ń pè ní "núùdù" (àwọ̀ ara) ló rí bẹ́ẹ̀: ìdajì rẹ̀ kì í wúlò lójú ẹni dúdú.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó ronú kan àwa náà. Tara Fela-Durotoye bẹ̀rẹ̀ House of Tara ní Nàìjíríà ní 1998, nígbà tó ṣì ń ka ìwé òfin ní yunifásítì. Chichi Eburu, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, dá Juvia's Place sílẹ̀ ní 2016 fún àwọ̀ ara tó dúdú. Ṣùgbọ́n eérú náà ń ná owó, kí ló dé tí o kò ní ra tìrẹ?

Ìgbésẹ̀ 4: Iye ihò ni kí o kà

Ihò 24 ju ihò 6 lọ. Ìṣirò nìyẹn, ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀ ọ́n. Má fi ìkankan wé èkejì, nítorí bí o bá fa mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lápá, o lè rí i pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n, wọ́n kàn fún wọn lórúkọ mẹ́rin bí onígbèsè tó ń sá fún olówó. Ọlọ́gbọ́n ní ohun tí ojú nílò kò ju mẹ́rin lọ: àwọ̀ kan tó sún mọ́ ti ara rẹ̀, kan tó dúdú díẹ̀ jù ú lọ fún kòtò ojú, kan tó dúdú gan-an fún bèbè, àti kan tó ń dán. Ó ní kí atíkè méjì lè pò mọ́ra lójú láìdi ẹrẹ̀ ni ìdánwò tó le jù fún atíkè olówó kékeré. Jẹ́ kó máa sọ ọ́.

Ti èyí tó ń dán, mú èyí tí gílítà rẹ̀ tóbi jù, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lẹ̀ mọ́ káàdì Kérésìmesì. Ike tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni, etí rẹ̀ mú, ó sì lè ha ẹyinjú. Ṣùgbọ́n yóò dán kí o tó fọ́jú.

Ìgbésẹ̀ 5: Jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ojú omi bó ṣe wà

Láti Igbókòdá dé Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì tẹ̀ dó ní 1947, omi ni ọ̀nà. Ẹnjìnì ń ké, ọkọ̀ ń fò lórí ìgbì, gbogbo egungun ẹni ń dárúkọ ara wọn. Atíkè tí wọn kò tẹ̀ dáadáa kò lè débẹ̀ láìfọ́. Ọlọ́gbọ́n á ti fi ìka lu ìdí páálí náà jẹ́jẹ́ nínú ìsọ̀. Bí ó bá ti ń mì, tó ń dà sórí ẹnìkejì rẹ̀, á dá a padà. Bí ó bá sì rà á, á tẹ́ òwú sáàárín ọmọrí àti atíkè, á wé e mọ́ inú ìró. Ìwọ ju tìrẹ sínú báàgì láàárín ìgò epo àti ẹja gbígbẹ. Kò sí ohun tó lè bá ojú ìyàwó mu lọ́jọ́ ìgbéyàwó ju òórùn panla lọ.

Bí ó bá fọ́ tán, ẹnì kan yóò gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o kán ògógóró sí i, kí o tẹ̀ ẹ́ padà. Níbí, mo gbọ́dọ̀ dá ẹ̀rín dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, àwọn ènìyàn ń fọ́jú, wọ́n sì ń kú, títí àyẹ̀wò fi hàn pé oró mẹ́táńọ́ọ̀lù inú ògógóró ni. Ohun tí o kò mọ ẹni tó pọn ọ́n, má mú un dé ìtòsí ojú. Atíkè tó fọ́, bu èyí tó mọ́ sínú agolo kékeré, tàbí kí o dà á nù.

Ìgbésẹ̀ 6: Gbé e wọ ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ òde gan-an

Má dán an wò nílé. Fi Vaseline pa ìpéǹpéjú kó lè "dì í mú", bu atíkè lé e, wé gèlè, jókòó sínú ooru etíkun. Kí wọ́n tó pín ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ á ti kó sínú ìlà ojú. Ọlọ́gbọ́n á ti kun ojú kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí kò lọ síbì kan, á fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, á sì fi dígí wo èyí tó kù. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá ojú náà yún un tàbí ó pọ́n. Ìyẹn ni pé ó ti gba èsì ìdánwò kí ìdánwò tó dé. Ojóòró pátápátá ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohun gbogbo ni kí ẹ jọ máa lò

Gbogbo ọ̀rẹ́ ìyàwó, páálí kan, búrọ́ọ̀ṣì kan. Ìfẹ́ nìyẹn. Àìsàn ojú tí a ń pè ní Àpólò bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà ní 1969, ọdún tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sórí òṣùpá, ó sì gba ilẹ̀ káàkiri. Ọwọ́ àti ohun tí ọwọ́ kan ló máa ń gbé e láti ojú dé ojú. Òun náà fẹ́ràn aṣọ ẹbí: bí ó bá mú ẹnì kan, gbogbo ẹgbẹ́ á jọ pọ́n ojú. Atíkè àdánwò tó wà lórí tábìlì ìsọ̀, tí ìka gbogbo ọjà ti wọ̀, apá ni kí wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe ojú. Ṣùgbọ́n ìwọ, ojú ni kí o gbé e sí.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí gbogbo rẹ̀ bá sú ọ, padà sídìí tìróò

Sọ fún gbogbo ènìyàn pé ohun ìbílẹ̀ kì í pa ọmọ ìbílẹ̀. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n rà nílé, tí wọ́n fi ń lé ọmọ náà lójú, ni wọ́n gbé lọ fún àyẹ̀wò: òjé ló ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà lò ó, kò sì bèèrè nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà kò sì ní ẹni tó lè bá a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìdájọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé yìí dé ìparí, tí ẹ kò sì gọ̀, ẹ gbọ́ èyí tí kì í ṣe àwàdà. Atíkè aláwọ̀ ilẹ̀ tó dára wà ní owó kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ńlá dẹ́rù bà yín. Ẹ yí páálí padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé e jáde sí oòrùn. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sí apá, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ẹ lò ó nílé kí ẹ tó lò ó lóde, kí oníkálùkù sì ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Bí ojú bá yún tàbí tó pọ́n, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ má kùn ún mọ́, kí ẹ sì tètè lọ rí dókítà. Ìyá alátíkè tó bá bínú nítorí pé ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ ka ẹ̀yìn ọjà rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì lọ sí ìsọ̀ kejì.