Ẹṣin, Àgbò àti Ìjàpá Elépo

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ẹṣin, ó dá lórí Àgbò, Ìjàpá ọkọ Yánníbo sì wà nídìí rẹ̀.

Ní àgbègbè Detroit, níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹranko onírin, ni wọ́n ti rọ Ẹṣin. Mustang ni Ford sọ ọ́ nígbà tó jáde ní 1964. Ní 1968 wọ́n ki ẹ́ńjìnnì lítà méje bọ̀ ọ́ láyà, Cobra Jet, wọ́n sì kọ ọ́ síwèé pé agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 335 lọ. Irọ́ funfun báláú! Wọ́n ní nítorí àwọn adójútòfò ni, torí agbára ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó bu owó lé ọ̀dọ́ lórí. Ẹṣin bá ń tẹríba lójú ọ̀sán bí ìyàwó tuntun. Tílẹ̀ bá ṣú lójú ọ̀nà Woodward, ẹni tó bá dúró tì í níbi iná á wá mọ̀.

Nígbà tó di 1973, àwọn Lárúbáwá sé epo mọ́ Amẹ́ríkà. Mustang ti 1974 kò tilẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ mọ́.

Ọdún gorí ọdún, Àgbò dé: ọkọ̀ akẹ́rù Ram 1500 TRX ti 2021. Ó wúwo tó 2,900 kílò, Ẹṣin kò ju nǹkan bí 1,600 lọ. Ẹ̀rọ kan ń fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, ó ń hu fíìì. Èyí kò fi nǹkan kan pa mọ́ ní tirẹ̀. "Agbára ẹṣin 702 ni mo ní!" Kò tíì sẹ́ni tó bi í.

Ẹṣin ní, "Orúkọ mi náà lo fi ń wọn agbára ara rẹ."

Ìjàpá, tó nílé epo lẹ́bàá ọ̀nà, ní kí wọ́n sáré ìdámẹ́rin máìlì. Ó dá orin, èrò ń gbè é, ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbè:

Ẹṣin ń sá, Àgbò ń sá,
*Epo dà, epo ṣàn!*
Ẹni ó yára, ẹni ó lọ́ra,
*Epo dà, epo ṣàn!*
Àpò ta ló ń wú?
*Epo dà, epo ṣàn!*

Àgbò ló borí, kò gbà á ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 13 lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a di ìjánu mú. Ẹṣin, tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kọjá ìlà tán, bíréèkì ayé àtijọ́ kò tètè gbọ́, ó di inú koríko.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tó wà láàárín èrò, wá béèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni apẹ̀rẹ̀ ńlá ẹ̀yìn Àgbò yìí wà fún?"

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àpò gọ́ọ̀fù kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó gbé sìmẹ́ǹtì. Bó ṣe di nǹkan bí 600 kílò, Àgbò ní ó tó. Sípíríǹgì tí wọ́n fi sí i, fún fífò lórí iyanrìn ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò lágbára tó o ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ ò tilẹ̀ wo ọ̀dà ara mi kẹ̀?" Àgbò ń gbọn ara.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó sìmẹ́ǹtì díẹ̀díẹ̀, ó lọ. Ìjàpá mú ìwé owó wá: Àgbò ń gbé gálọ́ọ̀nù 33, máìlì mẹ́wàá péré ló sì ń fi ọ̀kan rìn láàárín ìlú. Ti Ẹṣin náà kò kéré. Àwọn méjèèjì wo ìwé náà títí, wọ́n wo ara wọn.

"Ìgbà wo ni a tún ń sá a?" ni Ẹṣin wí.

Ìjàpá ní, "Ọ̀la. Ṣùgbọ́n owó epo á ti gbé pẹ́ẹ́lí."

Àgbò ti tò sórí ìlà.