Ẹ̀gbọ́n, Àbúrò àti Ìgbẹ́ Ẹṣin

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná lọ dín iná rẹ̀ kù, nítorí ọ̀rọ̀ ilé Herschel kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-ń-dúró-sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé-ìwé á ti gbọ́ nípa pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Uranus. Ṣé tíṣà sọ fún yín pé olùdarí orin ló rí i, láti ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀? Kò sọ. Ibi tó dùn ni wọ́n máa ń fò.

William lorúkọ ọ̀gbẹ́ni náà. Hanover ní Jámánì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1738. Bàbá rẹ̀ ń fọn fèrè fún àwọn ọmọ ogun, òun náà sì ń fọn ọ́n. Nígbà tí ogun gbóná, ó forí lé England lọ́dún 1757. Àwọn kan ní ó sá ni, àwọn kan ní wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀ o. Nígbà tó yá, ó balẹ̀ sí ìlú Bath: òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ olówó lórin, owó sì ń wọlé. Ẹ sì mọ̀ pé tí ara bá ti tu ọkùnrin tán, ìgbà yẹn ló máa ń wá nǹkan tí yóò fi da ara rẹ̀ láàmú. Ó ra ìwé nípa ìràwọ̀, ó kà á, oorun bá dá lójú rẹ̀. Awò ìràwọ̀ tí wọ́n ń tà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá ní òun á ṣe tòun.

Jígí inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń di irun. Bàbà àti tánńganran ni wọ́n máa ń yọ́ pọ̀, tí wọ́n á wá fi ọwọ́ dán an títí tí yóò fi máa kọ mànà. Ọjọ́ kan wà tí William dán ọ̀kan fún wákàtí 16 láì gbé ọwọ́ kúrò. Ta ló fún un lóúnjẹ? Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ń fi òkèlè sí i lẹ́nu bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Géńdé ọkùnrin!

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n sọ ti Caroline, torí òun gan-an ni mo fẹ́ràn. Ibà kan kọlù ú lọ́mọ ọdún 10, kò sì ga mọ́: díẹ̀ ló fi lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ti pinnu pé iṣẹ́ ilé ni yóò máa ṣe kalẹ́. Nígbà tí William wá mú un lọ sí Bath lọ́dún 1772, àfi kó ṣèlérí owó tí ìyá máa fi gba ọmọ-ọ̀dọ̀ mìíràn! Ẹ̀yin ìyá tó jókòó síbí, ẹ gbọ́ ara yín? Ní Bath, ó kọ́ orin, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé wọ́n pè é sí Birmingham. Ó kọ̀. Ó ní ibi tí ẹ̀gbọ́n òun ò bá ti darí, òun ò ní la ẹnu òun níbẹ̀.

Ilé wọn wá di ṣọ́ọ̀bù. Yàrá àlejò, káfíńtà ló ń lagi níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ dá jígí ńlá kan, ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n fi mọ ohun tí wọ́n máa da irin yíyọ́ náà sí. Wọ́n gún un nínú odó, wọ́n jọ̀ ọ́ kó kúnná. Odó o! Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ, n kì í yá ẹnikẹ́ni lódó mọ́. Irin yíyọ́ náà sì jò, ó ṣàn sílẹ̀, òkúta ilẹ̀ ń bẹ́ gbàù-gbàù, olúkúlùkù ń wá ọ̀nà àbáyọ. William ṣubú lé òkìtì bíríkì, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n, Uranus. Alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1781 ni, ṣáájú ọ̀ràn odó yẹn. Ó ń yẹ àwọn ìràwọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá rí ọ̀kan tó rí roboto. Ó rò pé ìràwọ̀ onírù ni. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ló tọpa ìrìn rẹ̀ tí wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì ni, ó kọjá Saturn, tí gbogbo ayé ti gbà pé òun ni òpin. Àwọn mìíràn ti rí i ṣáájú William, wọ́n ní ìràwọ̀ lásán ni, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ wo orí!

Ọ̀gbẹ́ni ò gọ̀ o. Ó fi orúkọ Ọba George Kẹta sọ ọ́. Àwọn ará òkè òkun ò gbà: kí ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá lójú ọ̀run tiwọn? Uranus ló padà dúró. Ọba ṣáà fún un ní 200 pọ́n-ùn lọ́dún, owó tó kéré sí èyí tí orin ń mú wá, ó sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ọkùnrin yìí kan náà gbà pé èèyàn ń gbé inú oòrùn. Mi ò ní dá sí ìyẹn.

Caroline náà ò jókòó lásán. Ó rí ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ, wọ́n sì ń san 50 pọ́n-ùn fún un lọ́dún láti 1787. Lóru ọjọ́ kan nínú yìnyín, ìkọ́ irin gún un lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń sáré jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó pé ọdún 97, ó ṣì kọ orin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sí ọmọ ọba kan létí.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí rèé. Lọ́dún 1788, William fẹ́ opó olówó kan ládùúgbò. Caroline, tó ti ń ṣètò ilé láti ọdún 16, kó ẹrù rẹ̀ jáde. Obìnrin tó máa ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ ni, síbẹ̀ gbogbo ohun tó kọ láti 1788 sí 1798, ó bà á jẹ́, ewé kan ò kù. Òun àti ìyàwó padà rẹ́, ó sì fẹ́ràn ọmọ tí ìyàwó bí bí ojú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá gbáko! Kí ló kọ nípa ìyàwó? Kí ni ìyàwó sọ sí i? Ẹni tó bá gbọ́ fìn-ín-rín, ilé mi ò jìnnà.